Ibo ni kí ẹ ti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ẹ ní ìpín nínú rẹ̀? Ìfiwéra fún ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Bí ẹ bá gba oríta Ṣágámù kọjá lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ti kọjá lára ilé-iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè ní ìpín nínú wọn. Nestlé ní ilé-iṣẹ́ kan ní Flowergate, International Breweries ń pọn bíà ní Ṣágámù, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní WAPCO náà sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1978. Orí ọjà ìpín ìdókòwò Èkó, NGX, ni ìpín wọn wà. Ìyá tó ń ta gàrí ní Òkè-Ajé lè rà á, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìlíṣàn lè rà á, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà lè rà á.

Rírà kò le mọ́. Fóònù ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ fi ń rà á báyìí. Ohun tó le ni mímọ ibi tí èèyàn yóò ti máa gbọ́ òótọ́ nípa ilé-iṣẹ́ náà, kó tó rà á àti lẹ́yìn tó bá ti rà á. Ilé-iṣẹ́ kan náà a máa bá àwọn tó ní ìpín sọ̀rọ̀ lórí NGX, nínú ìwé ìròyìn, nínú ìwé ìṣirò ọdọọdún, ní AGM (ìpàdé ọdọọdún àwọn tó ní ìpín), lórí fóònù pẹ̀lú àwọn onímọ̀ owó, àti nínú ìwé tó fi ń ta ìpín tuntun. Ohun tí ọ̀kan sọ, òmíràn lè máà dárúkọ rẹ̀ rárá. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó owó wọn jọ ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, tí wọ́n wá lọ fi ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pinnu ibi tí owó náà yóò gbà.

Bí mo ṣe ń to àwọn ọ̀nà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní méjì méjì, ohun mẹ́ta ni mo ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde? Ṣé gbogbo wa ló ń gbọ́ ọ àbí àwọn kan ń gbọ́ ṣáájú? Ṣé àyè wà fún ẹni tó ní ìpín láti bi ilé-iṣẹ́ ní ìbéèrè?

Ìkéde orí NGX àti ìròyìn tí a ń gbọ́ nígboro

Òfin ọjà ni pé ọ̀rọ̀ tó bá lè mú kí iye ìpín gòkè tàbí kó já, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tó NGX létí kó tó sọ ọ́ níbòmíràn. Ìkéde náà a wá jáde lórí ìkànnì NGX, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó sì lè kà á ní wákàtí kan náà pẹ̀lú ẹni tó wà ní Marina. Ó máa ń gbẹ, kò dùn ún kà, àmọ́ akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ló fọwọ́ sí i, wọ́n sì lè fi òfin mú ilé-iṣẹ́ bí irọ́ bá wà níbẹ̀.

Ìwé ìròyìn ní tirẹ̀ sábà máa ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé tí ọ́fíìsì alukoro ilé-iṣẹ́ náà kọ ránṣẹ́. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ló yan ohun tó fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rí. Ní ti WhatsApp, kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò rárá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì Ṣágámù. Nígbà tí Holcim kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 pé òun fẹ́ ta ìpín òun nínú Lafarge Africa, orúkọ tí WAPCO ń jẹ́ nígbà náà, fún Huaxin ti ilẹ̀ Ṣáínà, ìkéde náà sọ ẹni tó ń tà, ẹni tó ń rà, ìdá tó ń tà, èyí tó jẹ́ 83.81 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì sọ pé ó ku kí àwọn aláṣẹ fọwọ́ sí i. Bí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá dé orí fóònù, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń dà: “Wọ́n ti ta kọ́ńpìnnì.” Ẹni tó ka ìkéde mọ̀ pé ìpín ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ jù ni wọ́n ń tà, pé ìpín tòun ṣì wà lọ́wọ́ òun, àti pé ó ṣì pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ẹni tó ka ti WhatsApp lè sáré lọ ta tiẹ̀.

Lórí èyí, mi ò rò pé ó yẹ kí a máa ṣe àríyànjiyàn. Ẹ fi ìròyìn ìgboro mọ̀ pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀, ẹ wá fi ìkéde NGX mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ìṣirò oṣù mẹ́tamẹ́ta àti ìwé ìròyìn ọdọọdún

Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí oṣù mẹ́ta bá parí, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé ìṣirò rẹ̀ jáde. Èyí tí ayẹ̀wéowówò ti yẹ̀ wò fún odidi ọdún ní àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ti oṣù mẹ́tamẹ́ta yára, ó kúrú, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ nìkan ló ṣe é, kò tíì kọjá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ti ọdọọdún pẹ́, ó nípọn, àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí.

Ẹni tó fẹ́ ra ìpín lóṣù yìí kò lè dúró de ti ọdọọdún. Kó wo ti oṣù mẹ́tamẹ́ta, kó sì fi wé irú oṣù kan náà ní èṣí, kì í ṣe oṣù mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta tó parí sí Kérésìmesì kò lè jọ èyí tó tẹ̀ lé e fún ẹni tó ń ta bíà. Ẹni tó ra tirẹ̀ nítorí èrè orí ìpín, èyí tí gbogbo wa ń pè ní dífídẹ́ǹdì, tí kò sì ní í tà á fún ọdún púpọ̀, ti ọdọọdún ni kó mú ní ọ̀kúnkúndùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Nestlé ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ojú lásán kò lè sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni tó ń gba iwájú Flowergate kọjá. Ní ọdún 2022, ọjà tí Nestlé Nigeria tà jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 447 náírà, ó sì jèrè bíi bílíọ̀nù 49. Lọ́dún 2023, ọjà tó tà gòkè sí bílíọ̀nù 547. Iṣẹ́ ń lọ, àwọn èèyàn ń ra Maggi. Síbẹ̀, ìsàlẹ̀ ìwé ìṣirò sọ pé ilé-iṣẹ́ náà pàdánù bílíọ̀nù 79.5 náírà. Báwo ló ṣe jẹ́? Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni báǹkì àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà kó máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà, náírà sì já wálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó jẹ gbèsè ní dọ́là di ẹni tí gbèsè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ní náírà, láìjẹ́ pé ó tún yá kọ́bọ̀ kan. Lọ́dún 2024 ìpàdánù náà pọ̀ sí i, ó dé bílíọ̀nù 164.6. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ó ti padà sí èrè.

Ẹni tó rí iye ọjà nìkan nínú ìwé ìròyìn yóò rò pé gbogbo nǹkan ń dán. Ẹni tó rí ìpàdánù nìkan yóò rò pé ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ kógbá wọlé. Ìwé ìṣirò nìkan ló fi èrè orí ọjà títà hàn lọ́tọ̀, tó fi ìnáwó orí gbèsè àti pàṣípààrọ̀ owó hàn lọ́tọ̀, kí ẹ lè rí i pé gbèsè dọ́là ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìlà yẹn ni kí ẹ máa wá. Ó máa ń wà ní agbedeméjì ojú ìwé èrè àti àdánù, lábẹ́ èrè iṣẹ́, kó tó kan owó orí.

Tí ìwé ọdọọdún bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí fọ́tò alága wà. Ẹ lọ sí lẹ́tà ayẹ̀wéowówò ná. Tó bá sọ pé ìṣirò náà fi òótọ́ hàn bó ṣe yẹ, ó dára. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iyèméjì wà lórí “going concern”, wọ́n ń sọ fún yín pé kò dá wọn lójú pé ilé-iṣẹ́ náà yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ fi ìwé náà han ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo owó tó wọlé tó sì jáde gan-an. Èrè orí ìwé lè pọ̀ kí owó má sì sí nílé, torí pé àwọn oníbàárà kò tíì san. Ẹ tún wo àkọsílẹ̀ tó sọ nípa òwò tí ilé-iṣẹ́ bá àwọn olùdarí rẹ̀ tàbí mọ̀lẹ́bí wọn ṣe. Ojú ewé yẹn kì í ní àwòrán, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ọ̀fìn.

Mi ò sọ pé ọwọ́ ayẹ̀wéowówò ló parí gbogbo nǹkan o. Ní ọdún 2006, Cadbury Nigeria jáde sọ pé àwọn ìṣirò òun ti bù mọ́ òótọ́ fún ọdún mélòó kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti yẹ ìwé wọ̀nyẹn wò lọ́dọọdún. SEC, àjọ tó ń ṣàkóso ọjà ìpín, fìyà jẹ àwọn tọ́rọ̀ kàn lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí a ka ìwé ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin pọ̀. Ọdún kan ṣoṣo rọrùn láti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

AGM àti ìpè orí fóònù pẹ̀lú àwọn onímọ̀ owó

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni èèyàn ti lè rí àwọn olùdarí tí wọ́n ń dáhùn ìbéèrè.

AGM ni ìpàdé tí òfin fi lé ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, àárín ìpàdé kan sí èkejì kò sì gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé ìpè ní ọjọ́ mọ́kànlélógún ṣáájú. Ẹni tó ní ìpín kan ṣoṣo lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé, láti sọ̀rọ̀, láti dìbò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí dífídẹ́ǹdì, tí wọ́n ti ń yan olùdarí, tí wọ́n sì ti ń yan àwọn tó máa wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìṣirò owó. Márùn-ún ni ìgbìmọ̀ yẹn lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, mẹ́ta nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn tó ní ìpín bíi tiwa. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìpín lè dá orúkọ ẹlòmíràn fún ipò náà, tó bá ti kọ̀wé sí akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ mọ́kànlélógún kí ìpàdé tó wáyé. Àwọn olùṣirò owó tó ti fẹ̀yìn tì kún ilẹ̀ wa. Èmi kò rí ìdí tí a fi ń fi àyè yìí sílẹ̀ fún àwọn ará Èkó nìkan.

Ìpè orí fóònù ní tirẹ̀ kì í ṣe òfin fún gbogbo ilé-iṣẹ́. Àwọn báǹkì ńlá, MTN Nigeria, Seplat àti irú wọn ló máa ń ṣe é lẹ́yìn tí ìṣirò bá jáde. Ọ̀gá àgbà àti ẹni tó ń ṣọ́ owó a jókòó, àwọn onímọ̀ owó láti ilé-iṣẹ́ ìdókòwò nílé àti lókè òkun a sì máa bi wọ́n ní ìbéèrè: èló ni ẹ máa ná lọ́dún yìí, kí ló dé tí gbèsè tí kò ṣeé gbà fi pọ̀ sí i, ìgbà wo ni ẹ máa padà san dífídẹ́ǹdì? Kò sí ìbò níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n máa ń gbé àwọn àwòrán àlàyé náà sórí ìkànnì wọn, ní abẹ́ ibi tí wọ́n kọ “Investor Relations” sí, àwọn mìíràn a sì fi ohùn ìpè náà síbẹ̀ pẹ̀lú.

Èwo ló sàn? Tó bá jẹ́ òye lẹ ń wá, ìpè orí fóònù borí AGM. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn kan kò ní í gbà. Ní AGM, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ onípìn-ín ló máa ń kọ́kọ́ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n á kí alága, wọ́n á kí ọ̀gá àgbà, wọ́n á kí ìyàwó ọ̀gá àgbà, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á wá béèrè pé kí wọ́n fi díẹ̀ kún dífídẹ́ǹdì. Nígbà tí yóò fi kan ẹni tó fẹ́ béèrè nípa gbèsè, àsìkò ti lọ. Àwọn tó béèrè ohun tó nípọn wà o, àwọn ẹgbẹ́ kan sì ti jà fún wa dáadáa. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, wọn kì í fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni.

Tó bá sì jẹ́ agbára lẹ ń wá, AGM ni. Ẹni tó gbọ́ ìpè kò lè yọ olùdarí nípò. Nítorí náà, ẹ máa gbọ́ ìpè fún òye, kí ẹ sì máa lo ìbò yín. Kò dìgbà tí ẹ bá wọkọ̀ lọ sí Èkó. Láti ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí òfin tó mú òwò ṣíṣe rọrùn ní oṣù Kejì ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ tó wà lórí ọjà náà lè ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ìwé ìlànà tirẹ̀ bá gbà á láyè. Fọ́ọ̀mù aṣojú tún wà nínú ìwé ọdọọdún.

Ẹ fara balẹ̀ wo fọ́ọ̀mù yẹn. Lórí àwọn kan, orúkọ alága tàbí ti olùdarí kan ti wà níbi tó yẹ kí ẹ kọ orúkọ aṣojú yín sí. Tí ẹ bá kàn fọwọ́ sí i láìmú “gbà” tàbí “kọ̀” lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìpinnu, aṣojú náà yóò dìbò bó ṣe wù ú. Ẹ fa igi sórí orúkọ yẹn, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ fọkàn tán, ẹ sì mú ìdáhùn yín lórí ìpinnu kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ registrar, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn tó ní ìpín, ti wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ fi ń pàdánù ìbò ni pé wọ́n fi ránṣẹ́ nígbà tí ọjọ́ ti kọjá.

Àwọn ọdún kan wà tó yẹ kí ẹ lọ fúnra yín, pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ tà lára ilé-iṣẹ́, tí wọ́n fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ òmíràn, tàbí tí wọ́n fẹ́ kó ìpín tuntun jáde tó lè sọ tiyín di kékeré. Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yan ẹni méjì, kí wọ́n san owó ọkọ̀ wọn.

Ìwé ìtàjà ìpín àti ìpolówó rẹ̀

Àwa tí a ti dàgbà rántí ọdún 2005 sí 2008. Báǹkì lónìí, báǹkì lọ́la, ìpolówó lórí rédíò, àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ń wá wa wá sílé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n tó ń fi bí iye gbogbo ìpín orí ọjà ṣe rí hàn dé nǹkan bí 66,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ó ti já sí nǹkan bí 20,000. Owó ilé, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, owó ìfẹ̀yìntì ló bá a lọ.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni pé irú àsìkò ìpolówó bẹ́ẹ̀ tún dé láìpẹ́ yìí. Báǹkì àpapọ̀ pàṣẹ ní oṣù Kẹta ọdún 2024 pé kí báǹkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 500 náírà, kí ti orílẹ̀-èdè ní bílíọ̀nù 200, ó sì fún wọn di ìparí oṣù Kẹta ọdún 2026. Wọ́n wá sọ́dọ̀ aráàlú. GTCO, tó ni GTBank, nìkan gbé bílíọ̀nù mẹ́sàn-án ìpín jáde ní oṣù Keje ọdún 2024, náírà 44.50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèyàn sì lè rà á lórí ìkànnì NGX Invest láìkúrò nílé.

Ìpolówó sọ iye owó, ọjọ́ tí yóò parí, àti bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe lágbára tó. Ìwé ìtàjà ìpín, èyí tí SEC gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó jáde, sọ ohun tí ìpolówó kò ní í sọ láéláé. Ó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó yín ṣe, ní iye àti ní àsìkò. Ó ka gbogbo ewu tó wà níbẹ̀. Ó sọ iye ẹjọ́ tí wọ́n ń bá wọn ṣe ní kóòtù. Ó sọ gbèsè wọn, ó sì sọ iye tí àwọn tó ń bá wọn tà á yóò gbà nínú owó náà. Ọ̀túnba Ṣùbọ́mi Balógun, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, dá City Securities sílẹ̀ lọ́dún 1977 láti máa ṣe irú iṣẹ́ yìí, bíbá ilé-iṣẹ́ ta ìpín fún aráàlú, kó tó dá báǹkì FCMB sílẹ̀ lọ́dún 1982. Iṣẹ́ iyì ni. Ṣùgbọ́n ẹ ràntí pé ẹni tó ń tà ló ń san owó iṣẹ́ wọn.

Ẹni tí kò lè ka gbogbo ojú ewé rẹ̀, kó ka ibi tí wọ́n kọ ewu sí àti ibi tí wọ́n kọ ìlò owó sí. Tí wọ́n bá kọ “owó ìṣiṣẹ́” nìkan síbi ìlò owó láìṣàlàyé, èmi kì í rà á.

Ilé-iṣẹ́ tí kò sí lórí ọjà

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Mike Adénúgà, ẹni tó ni Globacom, tó sì ní ìpín tó pọ̀ jù nínú Conoil. Conoil wà lórí NGX, nítorí náà ẹnikẹ́ni lè ka ìṣirò rẹ̀ ní oṣù mẹ́tamẹ́ta. Globacom kò sí níbẹ̀, kò sì sí ohun tó mú un ní dandan láti bá aráàlú sọ̀rọ̀ nípa owó rẹ̀. Kò sí àbùkù nínú èyí. Ilé-iṣẹ́ tí kò gba owó aráàlú kò jẹ aráàlú ní àlàyé.

Èyí tó yẹ kó já wa láyà ni èyí tó gba owó aráàlú tí kò sì ní ìwé kankan láti fi hàn. CBEX, ìkànnì tó ń ṣèlérí èrè ńlá fún ẹni tó bá fowó sí i, tó dojú dé ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, kò ní ìwé tí SEC forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò ní ayẹ̀wéowówò, kò ní AGM. Orí Telegram ni wọ́n ti ń bá àwọn tó fowó sí i sọ̀rọ̀. Òfin ìdókòwò tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2025 dárúkọ irú òwò bẹ́ẹ̀ ní ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ sọ èèyàn sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n òfin kò lè dá owó tó ti lọ padà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lè fi orúkọ ilé-iṣẹ́ wo ìkànnì SEC láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Lẹ́tà registrar nínú àpótí àti íméèlì

Bí ẹ bá ṣí àpótí bàbá tó ti dolóògbé ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú, ẹ ó bá ìwé ìpín níbẹ̀. Àwọn kan ti rà á láti ìgbà tí ìjọba sọ pé kí àwọn àjèjì ta nínú ilé-iṣẹ́ wọn fún ọmọ Nàìjíríà ní ọdún 1972 àti 1977. Lẹ́tà ni ilé-iṣẹ́ fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, nípasẹ̀ registrar, sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí mọ́. Dífídẹ́ǹdì ń jáde lọ́dọọdún, kò sì sí ẹni tó ń gbà á.

Lẹ́tà ní ànfààní kan: ó wà nílẹ̀ fún àwọn ọmọ láti rí. Íméèlì ń kú pẹ̀lú ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Àmọ́ lórí ohun gbogbo yòókù, íméèlì àti dífídẹ́ǹdì tó ń wọ àkáǹtì tààrà ló dára jù, nítorí pé ìwé dífídẹ́ǹdì àtijọ́ tí a ń gbé lọ sí báǹkì ti di ohun àná. Fọ́ọ̀mù kan ni ẹ ó kọ, pẹ̀lú àkáǹtì àti BVN, báǹkì yóò fi òǹtẹ̀ lù ú, registrar yóò sì máa san owó wọlé fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún owó orí. Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ dúró ni orúkọ. Ní àkókò 2005 sí 2008, àwọn èèyàn fi orúkọ mẹ́ta mẹ́rin kọ fọ́ọ̀mù kí ìpín wọn lè pọ̀. Báyìí orúkọ inú BVN kò bá ti inú ìwé ìpín mu. Ìbúra ní kóòtù àti lẹ́tà láti báǹkì ló sábà máa ń yanjú rẹ̀.

Tí ẹni tó ni ín bá ti kú, ẹbí yóò gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní kóòtù kí registrar tó dá wọn lóhùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́ o. Lábẹ́ òfin ìnáwó ọdún 2020, dífídẹ́ǹdì ilé-iṣẹ́ orí ọjà tí ẹnikẹ́ni kò bá gbà fún ọdún mẹ́fà yóò bọ́ sọ́wọ́ ìjọba nínú àpò kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún un. Ẹni tó ni ín ṣì lè béèrè fún un, ṣùgbọ́n ìrìn àjò rẹ̀ á gùn sí i.

Tí ẹ bá ní láti yan nínú ilé-iṣẹ́ méjì

Ká ní ilé-iṣẹ́ méjì ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, èrè wọn súnmọ́ ara wọn, iye ìpín wọn súnmọ́ ara wọn. Èmi a wá ọdún tí nǹkan burú fún àwọn méjèèjì, ọdún 2023 dára fún èyí, èmi a sì ka lẹ́tà alága wọn fún ọdún yẹn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀kan yóò sọ ní ìpínrọ̀ kìíní tàbí ìkejì pé a pàdánù, iye rẹ̀ rèé, ohun tó fà á rèé, ohun tí a máa ṣe lórí gbèsè dọ́là rèé. Èkejì yóò fi ojú ewé méjì sọ nípa ètò ọrọ̀ ajé àgbáyé, ẹ̀bùn tí wọ́n fún ilé-ẹ̀kọ́, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n gbà, kó tó fi ìlà kan mẹ́nu ba ìpàdánù. Owó mi á lọ sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni mo tún máa ń wo bóyá ohun tí ó sọ pé òun máa ṣe ló ṣe nínú ìwé ọdún tó tẹ̀ lé e.

Tún dán wọn wò fúnra yín kí ẹ tó rà. Ìkànnì wọn ní íméèlì ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ìpín. Ẹ kọ ìbéèrè kan ṣókí ránṣẹ́ lórí ohun tí ẹ kà nínú ìṣirò wọn, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, kí ẹ sì wo ẹni tó dáhùn. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ní ìpín náà tẹ́lẹ̀, tí registrar kò sì dá yín lóhùn lórí dífídẹ́ǹdì, ẹ kọ̀wé sí akọ̀wé ilé-iṣẹ́, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Bí òun náà bá dákẹ́, SEC ní ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn lórí ìkànnì wọn, àwọn ẹ̀dà lẹ́tà wọ̀nyẹn sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.